Pupa Tí Sáfà Kò Rí

Ọjọ́ Ajé, 16 Oṣù Kẹwàá

Sáfà, kọ̀ǹpútà ńlá tó ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo ọ́fíìsì wa, tún kú lónìí. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé lóṣù yìí, ọjọ́ Ajé sì ni gbogbo rẹ̀, torí ọjọ́ Ajé ni Ẹ̀gbọ́n Hilkka máa ń fi àtẹ rẹ̀ tó kún fún ìlà àti òpó ránṣẹ́. Òun ni olórí àwọn nọ́ọ̀sì tó ń lọ tọ́jú àwọn àgbà nínú ilé wọn. Ìlú mẹ́jọ ló ń kọ àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ sí i, òun náà á wá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú fáìlì kan ṣoṣo: orúkọ, àdírẹ́sì, oògùn, gbogbo ìbẹ̀wò láti ọdún mẹ́rin. Ètò tó ń ka fáìlì náà, ọwọ́ Raimo tó ti fẹ̀yìn tì ni mo ti jogún rẹ̀. Ètò Raimo á kọ́kọ́ gbé odindi fáìlì sínú iyè kọ̀ǹpútà kó tó ka ìlà àkọ́kọ́. Ṣé torí pé èèyàn fẹ́ tọ́ iyọ̀ ọbẹ̀ wò ló ṣe máa gbé odindi ìkòkò mì?

Jouni, ọ̀gá mi tí mo fi ọdún mọ́kànlá jù lọ, ní, "Àǹtí Eija, ẹ jẹ́ ká kúkú ra iyè kún iyè fún sáfà."

Mo ní, "Ẹni tó ń fi apẹ̀rẹ̀ pọnmi, apẹ̀rẹ̀ tó tóbi jùyẹn lọ lo fẹ́ rà fún un?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n ṣe é bó bá ṣe wù mí, kó ṣáà ti parí kí yìnyín tó gun igi.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn gan-an nìyẹn. Tí yìnyín bá wúwo lórí igi, igi á wó lu wáyà, iná á lọ, sáfà ló sì yẹ kó sọ fún àwọn awakọ̀ tó ń gbé jẹnẹrétọ̀ ilé ẹni tí wọ́n máa kọ́kọ́ sáré lọ. Ní Oṣù Kìíní tó kọjá, ọjọ́ tí iná lọ gan-an ni sáfà kú. Ẹ̀rọ tó ń bá Bàámi mí dákẹ́ ní abúlé, ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Kyösti aládùúgbò rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ́ jẹnẹrétọ̀ kọjá nínú yìnyín. Kyösti ti kó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní ìlú Oulu báyìí. Kò sí Kyösti mọ́, sáfà nìkan ló kù.

Nítorí náà, màá kọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Kí ètò náà máa ka àtẹ bó ṣe ń ṣàn wọlé, ìlà kan lẹ́yìn ìkan: kó ka ìkan, kó mú ohun tó fẹ́ níbẹ̀, kó gbàgbé rẹ̀, kó bọ́ sórí èyí tó kàn. Mo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, bí ojú ọjọ́ bá ṣàánú wa.

Ọjọ́bọ̀, 19 Oṣù Kẹwàá

Òjò òun yìnyín wẹ́wẹ́. Mo ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò tíì rí nǹkan kan tí mo lè fọ́nnu lé lórí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 Oṣù Kẹwàá

Ìlà ń ṣàn wọlé! Iyè sáfà ò mì rárá. Mo ti fẹ́ pariwo kí n tó wo ohun tó kà: "Ẹni 4417 ń gbé ní 212, oògùn rẹ̀ ni 38."

Mo dá ara mi lẹ́bi. Ó yẹ kí n ti rántí. Fáìlì àtẹ kì í ṣe ìwé kan, ẹrù tí wọ́n dì pọ̀ ni. Àwọn ọ̀rọ̀ wà nínú ìdì tiwọn lọ́tọ̀, nọ́ńbà tó ń tọ́ka sí wọn nìkan ló wà nínú àpótí àtẹ. Ìdì ọ̀rọ̀ yẹn ló sì gbẹ̀yìn dé. Ètò mi ti ka gbogbo ènìyàn tán kó tó mọ orúkọ ẹnì kan.

Jouni yọjú láti ẹ̀yìn mi. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ti sọ gbogbo àgbà agbègbè Kainuu di ẹlẹ́wọ̀n."

"Kúrò lẹ́yìn mi, Jouni."

"Ẹni 4417 ńkọ́? Ìgbà wo ni wọ́n máa dá a sílẹ̀?"

Ọmọ yìí ò níṣẹ́ ni.

Ọjọ́bọ̀, 2 Oṣù Kọkànlá

Ó ti di orúkọ padà. Mo ní kí sáfà kọ́kọ́ sọ ẹrù náà kalẹ̀ sórí dísìkì, kó tú ìdì ọ̀rọ̀ ná, kó tó wá jẹ́ kí ìlà máa ṣàn. Ó gba ọjọ́ mẹ́sàn-án kí n tó rí ohun tí wọ́n lè fi gbólóhùn kan sọ. Bàámi pè mí, ó ní yìnyín ti bo oko, pé òun ti fọ sáúnà, ilé ìwẹ̀ olóoru òun, pé kí n yé béèrè nípa èémí òun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Oṣù Kọkànlá

Ìlú kan nínú àwọn mẹ́jọ ní èèyàn ẹgbẹ̀ta lé díẹ̀ nínú àtẹ wọn. Ètò mi ka ìlà mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún méjìdínláàádọ́ta. Mo rò pé ojú ń tàn mí ni. Mo pe nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àtẹ náà.

Ó ní, "Áà, mo kan fi àwọ̀ ewé kùn ún ni, kó lè tu èèyàn lójú."

"Ẹ kùn ún dé ibo?"

"Mo kan tẹ orí òpó ni. Ó kùn ún dé ìsàlẹ̀."

Ìsàlẹ̀ tó sọ yìí, orí ìlà mílíọ̀nù kan ló wà. Ilé òfìfo ní mílíọ̀nù, wọ́n kun gbogbo rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbé inú rẹ̀. Ara mi gbóná. Mo ní kí ètò máa fò gbogbo ìlà tí kò bá ní ọ̀rọ̀, mo sì gé kíka àwọ̀ kúrò pátápátá. Ọ̀ṣọ́ ni àwọ̀, iṣẹ́ la fẹ́ ṣe.

Ọjọ́rú, 15 Oṣù Kọkànlá

Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án! Odindi fáìlì Ẹ̀gbọ́n Hilkka, tí ètò Raimo ń fi ìṣẹ́jú mẹ́fà kà kó tó kú. Iyè sáfà tẹ́ pẹrẹsẹ bí adágún tí afẹ́fẹ́ ò fẹ́ lu. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kó lè dá mi lójú.

Mo ra búrẹ́dì rönttönen mẹ́fà ní ilé búrẹ́dì tó wà ní igun, yúrò méjì àti sẹ́ǹtì ọgọ́rin ni ìkan ti dà báyìí, ọ̀dùnkún àti èso igbó díẹ̀ lásán-làsàn! Jouni jẹ mẹ́ta. Ó ní, "Àǹtí Eija, ẹ̀yin lẹ ni ọ́fíìsì yìí." Mo mọ̀ pé oúnjẹ ló ń sọ̀rọ̀, síbẹ̀ inú mi dùn.

Ọjọ́ Ajé, 20 Oṣù Kọkànlá

Ẹ̀gbọ́n Hilkka fúnra rẹ̀ wá wò ó. Ó bọ́ bàtà yìnyín rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó tibọ̀sẹ̀-tibọ̀sẹ̀, ó gba kọfí. Mo tẹ bọ́tìnì. Mo ka àáyá mẹ́sàn-án sókè fún un, torí mo fẹ́ kó mọyì rẹ̀. Àkójọ jáde.

Ó wò ó, ó wò ó. Ó gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sókè, ó tún gbé e sísàlẹ̀.

Ó ní, "Pupa mi dà?"

"Pupa wo, Ẹ̀gbọ́n?"

"Àwọn pupa mi. Àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí. Èyí tí o kọ síbí, A, B, D ló fi tò wọ́n. Ṣé ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá fi A bẹ̀rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kú ni?"

Mo ṣí ètò Raimo, mo wá ibẹ̀ lọ: níwájú gan-an, ìlà mẹ́rin tí kò sí àlàyé kankan lára wọn, ó ń wo àwọ̀ àpótí, ó ń gbé pupa sókè. Mo ti ka ibẹ̀ kọjá nígbà ogún. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹwà ni.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ ò kọ ọ́ sínú òpó kan? 'Ẹ̀rọ: bẹ́ẹ̀ ni.' Ó tán."

Ó wò mí bí ẹni pé mo bú ìyá ẹnì kan. "Kí n kọ ọ́ síwájú orúkọ àgbàlagbà pé kò lè mí fúnra rẹ̀? Tí àwọn awakọ̀ á máa kà á, tí ọmọ-ọ̀dọ̀ ọ́fíìsì á máa kà á? Rárá o. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, a kì í kọ irú ẹ̀. A máa ń kùn ún. Ẹni tó bá yẹ kó mọ̀ á mọ̀."

Bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn. Ìyá mi ṣàìsàn fún ọdún méjì, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ àìsàn náà nínú ilé wa.

Ó wọ bàtà rẹ̀ padà. Ó ní, "Ó yá lóòótọ́ o. Ó kàn jẹ́ pé kò ríran."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 Oṣù Kọkànlá

Mi ò ṣe nǹkan kan lónìí ju kí n máa bínú sí ara mi. Ọ̀pọ̀ yìnyín já lulẹ̀. Ó rọ̀, ó gbẹ, kò dì mọ́ igi. A dúpẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28 Oṣù Kọkànlá

Kíka àwọ̀ ò le tó bí mo ṣe bẹ̀rù. Àwọ̀ náà ní ìdì tiwọn bíi ti ọ̀rọ̀, ìdì kékeré báyìí, nọ́ńbà ló wà lára àpótí. Mo tú u ṣáájú, ìlà ń ṣàn lọ, iyè ò mì. Àáyá mẹ́sàn-án náà ló ṣì jẹ́.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé oríṣi pupa mọ́kànlá ló wà. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní pupa tirẹ̀, àwọn kan tiẹ̀ ní méjì. Èmi àti Ẹ̀gbọ́n Hilkka jókòó ti fóònù láti àárọ̀, à ń pè wọ́n níkọ̀ọ̀kan.

"Ẹ jọ̀ọ́, pupa yín, ṣé ti tòmátì ni àbí ti ẹ̀jẹ̀?"

Ẹnì kan ní ti àwọn ni ti ìkunètè obìnrin. Òmíràn ní òun ò lo pupa mọ́, pé ó ń jẹ yíǹkì ìtẹ̀wé jù, àwọ̀ ọsàn lòun ń lò. Ẹ̀gbọ́n Hilkka gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Ọsàn kẹ̀! Ta ló ní kí o lo ọsàn? Ta lo bi?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo kọ oríṣi méjìlá sílẹ̀, pẹ̀lú ọsàn.

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kejìlá

Fáìlì tuntun wọlé. Ètò kà á, àkójọ jáde, pupa ló ṣáájú: ènìyàn mẹ́tàlélógójì. Ẹ̀gbọ́n Hilkka ti kà wọ́n fúnra rẹ̀ lórí ìwé, iye kan náà ni. Jouni pàtẹ́wọ́.

Mo wá orúkọ Bàámi. Mi ò ní ìdí kan, mo kàn fẹ́ rí i níbẹ̀ ni. Kò sí láàárín mẹ́tàlélógójì. Mo ní ètò mi ti tún ṣe tiẹ̀ nìyẹn. Mo ṣí àtẹ fúnra mi, mo wá a lọ sí ìlà rẹ̀. Oiva Karppinen, ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Funfun báláú.

Mo pe Ẹ̀gbọ́n Hilkka.

Ó ní, "Mo rò pé o mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bi í láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kò gbà. Mi ò lè kun ẹni tí kò bá gbà, Eija. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n."

"Bàbá mi ni."

"Bàbá ẹ ni. Ẹnu ẹ̀ ló yẹ kó ti jáde."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Oṣù Kejìlá

Mo kọ ìlà kan sínú ètò lónìí: tí orúkọ bá jẹ́ Oiva Karppinen, kà á sí pupa. Mo mu kọfí, mo wo ìlà náà. Ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ láéláé. Lẹ́yìn náà mo ronú nípa ẹni tó máa jogún ètò yìí lọ́wọ́ mi, tó máa rí i pé obìnrin kan gbé bàbá rẹ̀ ṣáájú àwọn bàbá ẹlòmíràn láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Mo pa á rẹ́. Ó dùn mí.

Ọjọ́rú, 6 Oṣù Kejìlá

Ọjọ́ Òmìnira. Mo wakọ̀ lọ sí abúlé, àádọ́rùn-ún kìlómítà. Bàámi ti gbé àbẹ́là méjì sójú fèrèsé, bí àṣà ọjọ́ náà. Ó ti din ẹja wẹ́wẹ́ nínú ìyẹ̀fun, ó wé ọ̀pá rọ́bà ẹ̀rọ náà mọ́ ejìká kó má bàa jóná, ẹ̀rọ ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù.

A jẹun tán kí n tó sọ ọ́. "Bàámi, Ẹ̀gbọ́n Hilkka ní ẹ ò gbà kí wọ́n kùn yín."

"Ó ti wá rojọ́ mi fún ẹ."

"Ẹ̀rọ ló ń bá yín mí."

"Mo mọ ohun tó ń bá mi mí. Inú yàrá mi ló ń sùn."

"Iná máa lọ. Ẹ mọ̀ pé ó máa lọ. Kyösti ò sí níbí mọ́."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí dáadáa. "Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi gé igi. Ọ̀gá á kọ́kọ́ gba inú igbó kọjá, á máa fi ọ̀dà pupa sàmì sí wọn. Eija, o ti rí igi tí wọ́n fi pupa sàmì sí rí, tó rí Kérésìmesì?"

"Ìwé lásán ni, Bàámi."

"Ìwé lásán náà ni ọ̀gá ń mú lọ́wọ́ nígbà yẹn."

Inú bí mi, mo pè é ní alágídí. Ó ní lọ́dọ̀ ta ni mo rò pé mo ti rí tèmi. Ó dá iná sáúnà fún mi kí n tó lọ, òun ò wọlé, ẹ̀rọ ò fẹ́ ooru. Ó jókòó síta lórí bẹ́ǹṣì, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ ẹja, ọ̀rọ̀ aládùúgbò, kò sì sí ọ̀rọ̀ àwọ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 10 Oṣù Kejìlá

Ojú ọjọ́ ti yí padà. Ó lọ sókè òdo, ó tutù, ó tún móoru. Yìnyín olómi. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 14 Oṣù Kejìlá

Iná lọ ní abúlé mọ́kàndínlógún, aago méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Igi ń wó lójú ọ̀nà bí ẹni ń ṣẹ́ igi ìdáná. Wọ́n tẹ bọ́tìnì. Àáyá mẹ́sàn-án, àkójọ bọ́ sórí fóònù gbogbo awakọ̀. Sáfà ò tilẹ̀ mí kanlẹ̀.

Pupa mẹ́rìnlá ló wà láwọn abúlé tí iná ti lọ. Mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, mò ń wo bí àwọn awakọ̀ ṣe ń kọ ọ́ níkọ̀ọ̀kan: "A ti dé." "A ti dé." Jouni dúró lẹ́yìn mi, kò sọ àwàdà kankan. Mo pe Bàámi lẹ́ẹ̀mẹrin, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò gbé e. Bátìrì wákàtí mẹ́ta ló wà lára ẹ̀rọ rẹ̀. Mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n Hilkka. Ó ní òun mọ̀, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà lọ́nà ibẹ̀, awakọ̀ tó ń jẹ́ Pasi ló ń wà á, gbogbo pupa ló ṣáájú, lẹ́yìn wọn òun á ní kó yà sọ́dọ̀ Bàámi. Òótọ́ ló sọ. Èmi náà ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fóònù dún.

"Eija." Ohùn Bàámi. "Ọkọ̀ yín ti kọjá mi."

"Bàámi!"

"Mo rí iná ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ń lọ sí ọ̀dọ̀ Aune." Aune Leinonen ni arábìnrin tó ń gbé níparí ọ̀nà náà, pupa ni. "Kò tiẹ̀ rọra lẹ́nu ọ̀nà mi. Ó kọjá bí ẹni pé ilé òfìfo ni."

"Bátìrì ńkọ́?"

"Ó ń ké." Ó mí. Mo gbọ́ ọ bó ṣe ń wá èémí. "Mi ò tíì wà nínú ilé òfìfo rí."

Ẹ̀rù bà mí débi pé fóònù bọ́ lọ́wọ́ mi. Jouni ló gbé e, òun ló pe Ẹ̀gbọ́n Hilkka, Ẹ̀gbọ́n Hilkka pe Pasi. Pasi ṣì ń so jẹnẹrétọ̀ Aune mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀, kò lè fi í sílẹ̀ láìtíì so ó tán. Nígbà tó fi máa padà, igi kan ti wó dábùú ọ̀nà. Ó gé e. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú méjìlá ló tó kọ ọ́ sórí fóònù: "A ti dé ọ̀dọ̀ Karppinen. Ó ń mí." Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ló kù nínú bátìrì.

Mo sunkún lórí tábìlì, lójú Jouni. Ó lọ ṣe kọfí, ó sì pẹ́ níbẹ̀ kó lè fún mi láàyè. Ètò mi ò ṣe àṣìṣe kankan lónìí. Ohun tó wà nínú àtẹ ló kà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 Oṣù Kejìlá

Iná ti dé níbi gbogbo. Gbogbo mẹ́rìnlá ló wà láàyè. Mo sùn di aago mẹ́wàá.

Ọjọ́ Ajé, 18 Oṣù Kejìlá

Fáìlì Ẹ̀gbọ́n Hilkka wọlé láàárọ̀. Àkójọ jáde: mẹ́tàlélógójì. Mo wá orúkọ Bàámi lókè, kò sí. Inú bí mi gan-an, mo pe Ẹ̀gbọ́n Hilkka láìkí i.

"Pẹ̀lú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ṣì kọ̀?"

"Ta ló sọ pé ó kọ̀? Lọ wo ìlà ẹ̀."

Mo ṣí àtẹ. Kì í ṣe funfun mọ́. Búlúù ni, búlúù kan ṣoṣo nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ìlà, ètò mi ò sì mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀gbọ́n Hilkka ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò le. "Pasi gbé fóònù fún un kó tó kúrò níbẹ̀. Ó ní òun gbà, kí n kun òun. Mo ní ó ṣeun. Ó ní, 'Dúró ná, pupa kọ́ o. Nínú igbó, búlúù ni wọ́n ń fi sára èyí tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gé.'"

Mo ní kó dúró lórí fóònù.

Mo ṣí ètò, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé búlúù náà ń lọ sókè pẹ̀lú pupa, mo sì fi àlàyé gígùn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi lè mọ ìdí rẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnì. Mẹ́rìnlélógójì ni wọ́n.